Páàdì iwájú ò lò tó oṣù mẹ́ta: kí ló ń jẹ ẹ́?

Tíṣà Bàsírì

Èkìtì kete, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló gbé mi wá. Corolla 2005 ni mò ń wà, ọ̀tòmátíìkì. Bàsírì ní Adó ni mò ń gbé, Èfọ̀n-Aláayè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń gba Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ àti Ìtawurẹ́ lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbà bọ̀.

Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n pààrọ̀ páàdì iwájú fún mi. Mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí mo máa ń kọ irú nǹkan báyìí sí, 148,200 kìlómítà ni mo kọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Mo wo ojú aago, 154,900 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, 6,700 kìlómítà péré! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé o. Èyí tí mo lò ṣáájú rẹ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ní páàdì tí mo rà ni kò dáa, pé kí n lọ ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní èmi ni mo máa ń tẹ bíréèkì jù. Kí n tó tún náwó lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ páàdì yìí gan-an. Ọ̀nà òkè ni mò ń gbà lójoojúmọ́, àwọn ọmọ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sì máa ń wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Awakọ̀ Adó sí Àkúrẹ́

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó o. Àkúrẹ́ ni mò ń ná báyìí, ṣùgbọ́n mo ti ná Adó sí Iléṣà rí fún ọdún mẹ́rin, mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Láti Èfọ̀n bọ̀ sí Ìtawurẹ́, kọ́nà lórí kọ́nà, ìsọ̀kalẹ̀ lórí ìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá fi D sọ̀ ọ́, tó ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, páàdì rẹ̀ á gbóná débi tí yóò máa rùn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ dín eré kù, ẹ fi jíà sí 2. Níbi tó bá dagun jù, ẹ fi sí L. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí ẹ bá wá fẹ́ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí eré wálẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kí atẹ́gùn ráyè fẹ́ sí i. Àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn ò gbé e kúrò mọ́, àwọn ló ń sun páàdì.

Èmi ò sọ pé òun nìkan ni o. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Oní-páàtì Ìjìgbò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ tiẹ̀. Òótọ́ ni pé ayédèrú páàdì pọ̀ lọ́jà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dá ẹ̀mí rẹ̀ wò. Tí ẹ bá fi èékánná ha etí rẹ̀ tó ń ya bíi bisikíìtì, tàbí tí ohun dúdú yẹn ò lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn oníbàárà mi kan máa ń wo lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ páàdì, FF tàbí EE, wọ́n rò pé bí yóò ṣe pẹ́ tó ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Rárá. Bí páàdì ṣe ń di dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí) mú ni lẹ́tà yẹn ń sọ, ti àkọ́kọ́ fún ìgbà tó bá tutù, ìkejì fún ìgbà tó bá gbóná. Kò sọ nǹkan kan nípa bí yóò ṣe pẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n 6,700, lẹ́ẹ̀mejì léra wọn? Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ wò ó. Èmi lè ta òmíràn fún yín lónìí, kò sì ní yanjú nǹkan kan.

Ògá Irin Ìkéré

Oní-páàtì, Ọlọ́run á bùkún ọjà yín fún òótọ́ tí ẹ sọ yẹn.

Tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Páàdì mẹ́rin tí wọ́n yọ, níbo ló wà? Tí mẹkáníìkì yín ò bá tíì dà á nù, ẹ lọ gbà á. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe bíréèkì, kò sí ohun tó ń sọ òótọ́ fún mi tó páàdì tó ti jẹ tán. Ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé òun gan-an la máa ń kọ́kọ́ jù sórí ààtàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé gbogbo wa. Ibi táyà kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan ní páàdì méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, dísìkì wà láàárín wọn bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò àti ìka di etí àwo mú. Lórí ọkọ̀ bíi tiyín, páàdì inú nìkan ni písítìn, irin tí ọ́ìlì bíréèkì ń tì jáde, ń tì. Tí písítìn bá ti tì í mọ́ dísìkì, kálípà, irin tó gbá páàdì méjèèjì mọ́ra, fúnra rẹ̀ á yọ̀ lórí píìnì méjì, á wá fa páàdì ìta mọ́ dísìkì láti òdìkejì. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, rọ́bà tó yí písítìn ká á fà á sẹ́yìn díẹ̀, bóyá ìwọ̀n irun orí, gbogbo rẹ̀ á sì tú sílẹ̀. Tí gbogbo èyí bá ń lọ bó ṣe yẹ, páàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ dọ́gba tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìyẹn ni pé páàdì burúkú pàápàá, dọ́gba ló máa ń jẹ. Bó bá jẹ tán kíá ṣùgbọ́n tó dọ́gba, ẹ jẹ́ ká fura sí páàdì náà, tàbí ìwakọ̀, tàbí kó jẹ́ pé bíréèkì ẹ̀yìn ń sùn tó wá kó gbogbo iṣẹ́ lé tiwájú lórí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló jẹ tí èkejì sì ṣì nípọn, wàhálà wà lára ẹsẹ̀ yẹn. Kí tinú jẹ ju tìta lọ, píìnì ti há, tàbí písítìn ti jáde tí kò padà. Kí páàdì kan ṣoṣo nípọn lókè kó tín-ín-rín nísàlẹ̀, kálípà ti dà, kò dúró gún mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà papọ̀, tí ọkọ̀ ń wúwo bí ẹni tó ń fa òkúta, ojú wa á kúrò lára ẹsẹ̀, a ó lọ wo másítà lókè, ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí gbogbo táyà.

Nítorí náà, ẹ gba páàdì yẹn wá. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ o, ohun dúdú tó ń fọwọ́ kan dísìkì nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Titun máa ń tó mìlímítà mẹ́wàá sí méjìlá. Tó bá ti ku mẹ́ta, ó ti tó pààrọ̀.

Ọmọ Èfọ̀n

Ẹ jọ̀wọ́ Tíṣà, ìbéèrè kan. Ṣé ẹsẹ̀ kan lẹ fi ń wà á àbí méjì? Mo mọ ẹni tó ń wa ọ̀tòmátíìkì, ẹsẹ̀ òsì lórí bíréèkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí tọ́rọ́tù. Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì òun ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà. Ẹ ní kí ẹnì kan wa ọkọ̀ tẹ̀ lé yín lójú títì tó tẹ́jú, kó máa wo iná ẹ̀yìn. Tí iná pupa bá ń tàn nígbà tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ tẹ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Tíṣà Bàsírì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe.

Ọmọ Èfọ̀n, ẹlẹgbẹ́ mi kan tẹ̀ lé mi láti Aramọkọ dé Ìgèdè, ó ní iná ò tàn àfi ibi tó yẹ kó tàn. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń wà á. Mo ti sọ fún ìyàwó mi.

Ògá Irin, mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ti jù wọ́n sínú páálí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín pílọ́ọ̀gì àti fílítà àtijọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wọ́n ló bá mi ṣà á, ó rántí ti ọ̀tún nítorí pé òun ló ń ha irin. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lára ọkọ̀, mo fi rúlà àwọn ọmọ iléèwé wọ̀n ọ́n:

Òsì, ìta: 6. Òsì, inú: 5 àti àbọ̀.
Ọ̀tún, ìta: 7. Ọ̀tún, inú: òkè rẹ̀ 4, ìsàlẹ̀ rẹ̀ òdo. Irin lásán ló kù nísàlẹ̀, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Téèyàn bá gbé e sójú iná, ó dàbí pákó tí wọ́n gé ní gẹ̀ẹ́rẹ́.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu. Irin pẹlẹbẹ tó máa ń ké láti kìlọ̀ fúnni, ó wà lára páàdì inú ọ̀tún yẹn, kò sì jẹ rárá. Ṣé ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ ariwo kankan títí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin?

Ògá Irin Ìkéré

Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Apá òkè tó ṣì ní mìlímítà mẹ́rin ni irin akígbe yẹn wà, kò tíì kan dísìkì nígbà tí ìsàlẹ̀ ti tán. Kálípà tó dà yóò jẹ páàdì láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má dúró de ariwo nìyẹn, kí wọ́n máa yọjú wo páàdì nígbàkigbà tí wọ́n bá tú táyà.

Tíṣà, àìsàn méjì ni mo rí nínú ohun tí ẹ kọ yìí, kì í ṣe ọ̀kan.

Èkíní wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Tinú jẹ tán, tìta ṣì ku méje, tinú sì tún jẹ ní gẹ̀ẹ́rẹ́. Kálípà yẹn ò yọ̀ mọ́. Píìnì kan ti há, bí kì í bá ṣe méjèèjì. Písítìn nìkan ló ń tì, páàdì inú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò kò rí ibi padà sí.

Ìkejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní rí. Ẹ wo òsì. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀, ó jẹ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ ìwọ̀n mìlímítà márùn-ún ní 6,700 kìlómítà. Ó yára jù, kódà lọ́nà òkè. Ẹsẹ̀ òsì ò ṣàìsàn, àárẹ̀ ló mú un. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo fura sí ẹ̀yìn. Bíréèkì dúróòmù, èyí tó dàbí ìkòkò irin tí ṣúù ń tẹ̀ láti inú bí páàdì ṣe ń tẹ dísìkì, ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, àbí? Nígbà wo ni wọ́n ṣí i kẹ́yìn? Tí ẹ bá fa bíréèkì ọwọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń ró kó tó di ọkọ̀ mú?

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, ẹ ṣe èyí fún mi. Ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ má tẹ bíréèkì àfi díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra dúró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan dísìkì o, á bó yín lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tó bá gbóná ju ìyókù lọ ló ń fà. Tí ooru rẹ̀ bá ṣòroó mọ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sórí irin àárín táyà, èyí tó bá gbóná á dún ṣàà.

Ìyá Oníṣu Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yìí, àyà mi ń já, nítorí pé Sienna tí mo fi ń kó iṣu láti Ìkọ̀lé lọ sí Adó, ohun tó ṣe é lọ́dún tó kọjá nìyí, ṣùgbọ́n tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Tèmi, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń jẹ páàdì. Ọkọ̀ á sì máa fà sí òsì láìjẹ́ pé a tẹ nǹkan kan. Wọ́n yí kálípà padà sí tòkúnbọ̀ mìíràn, kò lọ. Ẹni tó wá bá mi rí i ní họ́ọ̀sì rọ́bà ni, pé inú rẹ̀ ti wú. Ó ní tí a bá tẹ̀ ẹ́, agbára ẹsẹ̀ wa ń ti ọ́ìlì gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọ́ìlì ò rí ọ̀nà padà. Níta, họ́ọ̀sì náà ń dán bíi titun.

Ohun tó fà á ló ń bà mí nínú jẹ́. Ọmọkùnrin kan ní ibi tí mo ti ń ra epo bá mi wo bíréèkì, ó ní ọ́ìlì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Gbogbo rọ́bà inú bíréèkì náà ló wú. Gbogbo rẹ̀ ni mo pààrọ̀, láti másítà dé ẹsẹ̀. Owó iṣu oṣù méjì ló bá a lọ.

Ògá Irin Ìkéré

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn: ọ́ìlì bíréèkì, èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, kò jọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò jọ ọ́ìlì jíà. Ẹ wo ìdérí ibi tí à ń dà á sí, wọ́n ti kọ èyí tó yẹ ọkọ̀ yín síbẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì ni tàbí kálípà rèé, owó kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi irin ìdúró gbé e ró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà. Tí kò bá yí, ẹ ṣí bọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń lé atẹ́gùn jáde lẹ́yìn kálípà. Tí ọ́ìlì bá tú jáde fìì tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a jẹ́ pé ọ́ìlì ló há sínú. Ẹ wá họ́ọ̀sì lọ, tàbí másítà bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i tí táyà ṣì le gbagidi, ọ́ìlì ò mọ nǹkan kan sí i, irin ló há: píìnì tàbí písítìn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lé atẹ́gùn jáde dáadáa kí ọkọ̀ tó gbéra.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ Adó

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa lẹ́yìn, nítorí ó wúlò fún ọ̀nà Èfọ̀n. Ọkọ̀ tó wọn 1,300 kìlógíráàmù pẹ̀lú èrò inú rẹ̀, tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga ní 100 mítà, tí bíréèkì nìkan ló dì í mú, ooru tó máa jáde tó láti mú omi tútù lítà mẹ́rin hó. Ìkòkò omi ẹ̀bà odidi ilé kan nìyẹn, lára dísìkì àti dúróòmù mẹ́rin. Tí ẹ̀yìn ò bá wá ṣiṣẹ́, dísìkì iwájú méjì ló máa gba gbogbo rẹ̀.

Ooru yìí tún kan ọ́ìlì. DOT 3 titun ń hó ní nǹkan bí 205 ní ìwọ̀n Celsius, DOT 4 ní 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ó ṣe ń pẹ́. Tó bá ti fa omi, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Tó bá hó, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ ni, bíréèkì ò ní mú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì-méjì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba òkè.

Tíṣà Bàsírì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba Ìkéré lọ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ Ògá Irin gan-an ni mo wà láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ló gbóná jù, ó dún ṣàà nígbà tí a wọ́n omi sí i. A gbé e sókè, kò yí. Ògá ṣí bọ́ọ̀tì atẹ́gùn, ọ́ìlì ro tótó, táyà ò sì yí síbẹ̀. Ó ní họ́ọ̀sì ti bọ́ nínú ẹjọ́.

Ó tú kálípà. Ìka méjì ló fi fa píìnì òkè jáde, ó yọ̀ wọ́ọ́rọ́. Ti ìsàlẹ̀ kọ̀. Ó dì í mú pẹ̀lú páláyà, ó ń yí i lọ yí i bọ̀, ó ń fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó jáde. Rọ́bà tó bò ó ti ya níbi kan tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni omi àti erùpẹ̀ pupa ọ̀nà ń gbà wọlé. Ìdajì píìnì náà ti dípẹtà, ìdajì tó kù lẹ̀ mọ́ gíríìsì dúdú kan tó ti gan bí ọ̀dà. Ògá gbóòórùn rẹ̀, ó ní gíríìsì bíárìnì ni wọ́n fi sí i, pé ìyẹn kì í bá rọ́bà bíréèkì rẹ́. Ó fi píìnì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n mú un lọ sílé. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí.

A wá lọ sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni bíréèkì ọwọ́ mi ń ró kó tó mú. Nígbà tí a ṣí dúróòmù, ṣúù ṣì nípọn bíi titun, eruku dì mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ dán. Kò fọwọ́ kan dúróòmù rárá. Irin tó ń fa ṣúù súnmọ́ dúróòmù fúnra rẹ̀ ti dípẹtà, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ti ń fi iwájú nìkan dá ọkọ̀ dúró lórí òkè Èfọ̀n, n kò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ògá Irin Ìkéré

Ohun tí a ṣe rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ bá mẹkáníìkì tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Píìnì ìsàlẹ̀ titun, rọ́bà titun fún píìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápá méjèèjì, gíríìsì sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì, díẹ̀ péré. Tó bá pọ̀ jù, á dí atẹ́gùn mọ́ inú, píìnì ò ní wọlé tán. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibi tí etí páàdì ń jókòó sí lára irin, nítorí ìpẹtà ibẹ̀ nìkan lè há páàdì mọ́ inú kódà kí píìnì dáa. A wọn dísìkì: ti òsì ṣì ju ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lọ, ti ọ̀tún ti ha kọjá ohun tí a lè lọ̀. Méjèèjì la pààrọ̀, nítorí pé n kì í pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Ọ́ìlì náà di titun.

Lẹ́yìn, a tú irin ìfàmọ́ra yẹn, a fọ̀ ọ́, a fi gíríìsì sí ojú òwú rẹ̀, a sún ṣúù mọ́ dúróòmù títí ó fi ń ha fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn èyí la tó tún bíréèkì ọwọ́ fà. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti okùn bíréèkì ọwọ́, wọ́n á fà á le, ọkọ̀ á sì dúró, ṣùgbọ́n ṣúù ṣì jìnnà. Aṣọ tí wọ́n fi bo egbò ni.

Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúróòmù. Asbẹ́stọ́ọ̀sì ṣì lè wà nínú ṣúù àti páàdì àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró yín ni yóò sì gbé e. Omi àti ọṣẹ ló dáa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíṣà, fún páàdì titun yẹn, ẹ ṣe ohun tí mo sọ: ìgbà mẹ́wàá ní ojú ọ̀nà tó ṣófo, láti bíi 50 sọ̀ sí 10, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ̀, kí ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn láàárín. Kí ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sí Èfọ̀n.

Awakọ̀ Adó sí Àkúrẹ́

Tíṣà, mo tẹ́wọ́ gbà pé mo yára dá ẹjọ́. Mo ti lọ fa bíréèkì ọwọ́ tèmi. Mẹ́sàn-án ló ró. Ọ̀la ni mò ń lọ ṣí ẹ̀yìn.

Tíṣà Bàsírì

Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ràn yín náà wúlò o. Jíà 2 ni mo fi ń sọ̀ báyìí, n kì í gbóòórùn páàdì tó ń jóná mọ́ tí mo bá dé Ìtawurẹ́.

Mo ṣèlérí pé n ó padà wá. Lónìí, aago wà ní 158,100. Ó ti lé ní 3,000 kìlómítà tí mo ti fi páàdì titun yìí rìn. Fúkánáísà bá mi tú táyà, mo gbé rúlà mi dání. Mìlímítà mọ́kànlá la fi bẹ̀rẹ̀. Òsì, ìta: 10 àti àbọ̀. Òsì, inú: 10. Ọ̀tún, ìta: 10 àti àbọ̀. Ọ̀tún, inú: 10. Mo wọn òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bákan náà ni wọ́n. Bíréèkì ọwọ́ ń ró lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ìyá Oníṣu Ìkọ̀lé

Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi. Ògá Irin, Sienna mi tún ti ń ké lẹ́sẹ̀ ọ̀tún láti ọjọ́ ọjà tó kọjá. Ṣé mo lè gbé e wá bá yín ní Ìkéré lọ́jọ́ Ẹtì?

Ògá Irin Ìkéré

Ẹ máa bọ̀, Mọ́mì. Kí ẹ já iṣu sílẹ̀ kí ẹ tó wá o. Tí wọ́n bá sì ti yọ páàdì kankan fún yín láìpẹ́, ẹ kó o dání, ẹ má fọ̀ ọ́.